Ámúpù gìtá onítúùbù fún inú ilé: bí ẹ ṣe lè rà á láì ju owó dànù

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ gìtá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹni wa bá fẹ́ ra ámúpù tirẹ̀ sílé, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ojú rẹ̀ ń wá: gbẹ̀ǹgbẹ̀, tó wúwo, tí ènìyàn méjì ń gbé. Á gbé e délé, á tan án, á yí fólúùmù díẹ̀ báyìí, gbogbo agbolé á jáde síta. Láti ọjọ́ náà ni ámúpù ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ dé ibẹ̀: ó ra tòkunbọ̀, ó so ó mọ́ iná, èéfín yọ. Èmi ni ẹlòmíràn yẹn. Mi ò tíì lo gìtá sí i tó fi kú.

Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo gbà ra èkejì. Onítúùbù ni: ìyẹn ni pé ìgò kéékèèké tó ń gbóná bíi gílóòbù, tí à ń pè ní túùbù, ló ń mú kí ohùn gìtá lágbára nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan, pàápàá àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Gìtá yín fúnra yín àti wáyà rẹ̀. Gìtá olówó ńlá ni ọlọ́jà máa ń gbé sí ìsọ̀ fún ìdánwò. Gìtá yẹn ni yóò dùn létí yín, ẹ ó sì rò pé ámúpù ni.

Míta tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn iná. Ẹ lè yá a.

Fóònù tí áàpù tí ń wọn ariwo wà lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn ò péye délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó fún iṣẹ́ wa.

Pẹ́ńsùlù kan, ìwé kékeré kan.

Owó tí ẹ ti pín sọ́nà méjì. Èyí tó pọ̀ jù fún ámúpù. Èyí tó kù fún sitebiláísà, túùbù àpamọ́ kan tàbí méjì, àti owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ámúpù nìkan, òun náà ni yóò máa wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn iná ilé yín

Mo mọ̀ pé ọjà lẹ fẹ́ lọ. Ẹ fara balẹ̀. Télọ̀ kì í ran ṣòkòtò láì wọn ìdí.

Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú túùbù tó gbọ́dọ̀ gbóná kí túùbù tó lè ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ túùbù gìtá, fóòtì 6.3 (6.3V, bí a ṣe ń wọn agbára iná) ni wáyà yẹn ń jẹ. Tiransifọ́mà inú ámúpù ló ń sọ iná 230 di 6.3 fún un. Tí iná ilé yín bá wá lọ sílẹ̀ dé 180, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ túùbù kò pé 5 mọ́. Ohùn á rọ̀, á máa wúkọ́, ẹ ó sì máa bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ yín. Bí iná bá fò dé 260, túùbù á gbóná kọjá ààlà, ọjọ́ ayé rẹ̀ á kúrú. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fàyè gbà lókè àti nísàlẹ̀. Fún iná 230, ìyẹn ni pé kí míta yín máa kà láàárín 207 sí 253.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta: láàárọ̀ kùtùkùtù, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, àti nígbà tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀. Ẹ yí míta sí ibi iná AC, kí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ju 250 lọ, kí ọwọ́ yín má sì kan irin orí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lò ó rí, kó pe oníṣẹ́ iná.

Bí ẹ bá rí i pé iná ń lọ sísàlẹ̀ 207 tàbí tó ń fò, ẹ ra sitebiláísà kí ẹ tó ra ámúpù. Fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní «I better pass my neighbour», iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹ ṣe ń tan nǹkan tí ẹ sì ń pa á, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ gba inú sitebiláísà kọjá. Ní ti ínfátà, ẹ wo ara rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ «pure sine wave» sí ló dára. Àwọn yòókù ń mú kí tiransifọ́mà máa kùn, kíkùn náà á sì jáde nínú sípíkà bí ìgbà tí oyin sọ ilé sínú àjà.

Àyẹ̀wò: nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín. Bí méjì péré bá wà, ìgbésẹ̀ yìí ò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ iye wáàtì tí ilé yín lè gbà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ámúpù wáàtì 5 jẹ́ ìdá mẹ́wàá ariwo wáàtì 50. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí wa kì í ka wáàtì bí a ṣe ń ka owó. Ẹ ní láti sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó sọ pé ariwo ti di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ ká fi sípíkà kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó ń fún wa ní 95 dB (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) pẹ̀lú wáàtì kan, bí a bá dúró ní mítà kan síwájú rẹ̀. Wáàtì 5 á fún wa ní 102. Wáàtì 15 á tó 107. Wáàtì 50 á dé 112. Ẹ rí i pé wáàtì kan ṣoṣo yẹn gan-an ti tó láti jí ọmọ tó ń sùn ní yàrá kejì.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé, «Ra ńlá, kó o máa yí i sílẹ̀.» Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹ̀rọ tí kò ní túùbù. Fún onítúùbù, túùbù ńlá tó wà lẹ́yìn, èyí tó ń ti sípíkà, kì í fi adùn rẹ̀ hàn àfi tí ẹ bá mú un ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá yí wáàtì 15 sílẹ̀ kí ìyàwó ilé má baà bínú, ẹ ti sanwó túùbù, ẹ ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fólúùmù irú ámúpù bẹ́ẹ̀ kì í rọra gòkè: kò sí ohùn, kò sí ohùn, lójijì, gbàù.

Bí mo ṣe ń pín in nìyí. Ẹni tó ń ta gìtá jùjú tàbí háíláìfù, tó fẹ́ kí ohùn mọ́ kedere bí omi orísun, kó ra wáàtì 4 tàbí 5. Wáàtì kan yóò tètè há a lọ́fun. Ẹni tó fẹ́ kí gìtá máa bú ramúramù, kó ra wáàtì kan, tàbí wáàtì 5 tó ní swíìṣì tí ń dín agbára kù. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ra wáàtì 15 sínú yàrá, àyàfi tí ilé rẹ̀ bá dá dúró sáàárín oko.

Ẹ má sì tìtorí ṣọ́ọ̀ṣì ra ńlá. Míkísà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé máíìkì síwájú ámúpù wáàtì 5, gbogbo ìjọ á gbọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹnì kan gún iyán nínú agbolé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aládùúgbò pẹ̀lú áàpù fóònù yín. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ariwo odó ni aládùúgbò ti mọ́ra. Ohun tí gìtá yín kò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ẹ̀yìn ámúpù kí ẹ tó ka iye owó

Kò sí ọjà irú nǹkan báyìí nítòsí wa. Ìlọrin, Lọ́kọ́ja tàbí Èkó lẹ máa bá a, pàápàá ní Àlábà tí tòkunbọ̀ pọ̀ sí, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ béèrè fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni iná. «230V» tàbí «220–240V», «50Hz» tàbí «50/60Hz» ló yẹ kó wà níbẹ̀ (V ni fóòtì; Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Bí ẹ bá rí «120V 60Hz», ti Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá so ó mọ́ iná wa, fíùsì á fọ́ tí orí bá bá yín ṣe é. Tí kò bá ṣe é, ẹ mọ ìtàn tèmi. Tiransifọ́mà tí ń sọ 230 di 120 wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Kí wáàtì rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ámúpù. Kí ihò rẹ̀ gba ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60Hz nìkan máa ń gbóná jù lórí 50Hz wa, torí tiransifọ́mà ìta kì í yí 50 padà. Lójú tèmi, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohun kejì ni orúkọ túùbù. Kékeré tó wà níwájú sábà máa ń jẹ́ 12AX7. ECC83 lorúkọ kan náà ní Yúróòpù, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà tà á fún yín bí oríṣi méjì. Ńlá tó ń ti sípíkà lè jẹ́ EL84 tàbí 6V6 nínú àwọn kéékèèké, EL34 tàbí 6L6 nínú àwọn ńláńlá. Ẹni tó bá rí 12AX7 kan ṣoṣo, tí kò rí túùbù mìíràn, àdàlù ló ń wò. Irú rẹ̀ ni Orange Micro Terror àti Joyo BanTamP: túùbù kan níwájú, àwọn ẹ̀yà ìgbàlódé tí kì í ṣe túùbù (tiransísítọ̀) ló ń ṣe wáàtì 20 rẹ̀. Wọn ò burú. Wọ́n fúyẹ́, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbówó. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó onítúùbù pátápátá lé wọn lórí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi gílóòbù kékeré sẹ́yìn túùbù kó lè máa pọ́n yòò.

Àwọn tí mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kó wá nìyí. Bugera V5 Infinium, wáàtì 5, EL84 kan, swíìṣì tó ń dín in kù sí 1 àti 0.1, àti ihò tí ẹ lè ki ìgbọ́hùn etí bọ̀. Ìyẹn nìkan ti gba ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó là. Marshall DSL1, wáàtì 1 tó ń dín sí 0.1. Marshall DSL5, wáàtì 5 tó ń dín sí 0.5. Blackstar HT-1, wáàtì 1. Vox AC4TV tí wọ́n ti lò, wáàtì 4 tó ń dín sí 1 àti ìdá mẹ́rin wáàtì. Epiphone Valve Junior náà máa ń wá ní tòkunbọ̀: wáàtì 5, bọ́tìnì fólúùmù kan péré, kò sí nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìrọ̀rùn á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní swíìṣì tí ń dín agbára kù. Fender Blues Junior dùn gan-an, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n wáàtì 15 ni. Ẹ padà lọ ka ìgbésẹ̀ 2.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ nǹkan mẹ́ta láì wo ìwé: fóòtì rẹ̀, wáàtì rẹ̀, orúkọ túùbù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán an wò ní ìsọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà tan án kí ẹ tó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí sípíkà kò bá sí nínú ámúpù, tó jẹ́ pé orí nìkan ni, ẹ rí i dájú pé wáyà sípíkà ti wà nídìí rẹ̀, kí nọ́ńbà «ohm» tí wọ́n kọ sára ámúpù àti èyí tó wà lára sípíkà sì bára mu. Títan ámúpù onítúùbù láì sí sípíkà lè jó tiransifọ́mà ìjáde rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, ó sì wà lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́n jù.

Ẹ tan iná fóònù sí àwọn túùbù. Ibì kan máa ń dán bíi dígí lára wọn, lórí ló sábà máa ń wà. Tí ibẹ̀ bá ti funfun bí ẹ̀fun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, túùbù ti kú nìyẹn.

Ó yá, kí ó tan án. Kí fólúùmù wà ní òdo. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kó gbóná. Bí swíìṣì «standby» bá wà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i. Kíkùn díẹ̀ kò ṣàjèjì. Bí ó bá ń kùn gan-an nígbà tí fólúùmù ṣì wà ní òdo, ó ṣeé ṣe kí kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti gbó. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ki gìtá bọ̀ ọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ẹ fa wáyà yọ lẹ́nu rẹ̀: bí kíkùn bá dákẹ́, ara gìtá tàbí wáyà ló ti ń wá, ẹ má dá ámúpù lẹ́bi.

Ẹ bo iná, ẹ wo túùbù ńlá. Pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyín iná láàárín gbùngbùn rẹ̀ dára. Bí irin fífẹ̀ tó yí àárín náà ká bá ń pọ́n, ẹ ní kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Túùbù yẹn ń jó ara rẹ̀ ni, ó sì lè jó ohun mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ yí fólúùmù dé ibi tí ẹ ó máa lò nílé, ẹ wá fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù kan àwọn túùbù kéékèèké ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Kó, kó, kó, kò burú. Tó bá dún bí agogo tí kò sì tètè dákẹ́, ẹ ó pààrọ̀ túùbù náà. Ẹ fi ìyẹn ná ọjà náà wálẹ̀. Bọ́tìnì tó ń ṣe kàràkàrà bí ẹ ṣe ń yí i, erùkù ló sábà ń jẹ́, kì í ṣe ìdí láti sá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ta gìtá. Ọlọ́jà á fẹ́ yí i sókè, torí ohun gbogbo ló máa ń dùn tó bá ń pariwo. Ẹ yí i padà sílẹ̀. Ẹ fi áàpù wò ó, kí ẹ má kọjá nọ́ńbà odó yẹn. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe tiyín. Ẹ ta á fún ìdajì wákàtí ó kéré tán; àìsàn ámúpù mìíràn kì í jáde àfi tó bá gbóná.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ relẹ̀, òórùn jíjó kò gbọdọ̀ sí, kíkùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé e délé

Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó wọkọ̀. Ọ̀nà wa ò dá kòtò sí. Orí ẹsẹ̀ yín tàbí lórí ìjókòó ni kó wà, kí ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà gbé iṣu lé e nínú búùtù. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fọwọ́ rọra ti àwọn túùbù tó tutù wọlé, bóyá ọ̀kan ti ń jáde.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbé e kalẹ̀ dáadáa

Ẹ gbé e lé àga kékeré kí sípíkà lè kọjú sí etí yín. Bó bá wà nílẹ̀, orúnkún yín ló ń kọrin fún, ẹ ó sì máa yí i sókè láìnídìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ méjì, torí túùbù ń gbóná, ooru rẹ̀ sì ní láti jáde. Lásìkò ọyẹ́, erùkù á wọ inú rẹ̀ tí ẹ ò bá fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá tutù ni kí ẹ bò ó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná bóyá wáyà ẹ́ẹ̀tì wà nínú ilé yín lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà lára ògiri tí ẹsẹ̀ kẹta wọn ò so mọ́ nǹkan kan. Bí okùn gìtá bá ń ta yín lọ́wọ́ tàbí tó ń ta ètè yín nígbà tí ẹ bá fẹnu kan máíìkì, ẹ pa á, ẹ má tún tan án àfi tí wọ́n bá ti tún ẹ́ẹ̀tì ṣe.

Ẹ má ṣí ìdí ámúpù. Fóòtì tó ju 300 lọ máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè ṣì wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa wáyà iná yọ. Mo ti rí ẹni tó fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíùsì; ẹ má ṣe é, ẹ má sì fi fíùsì tó lágbára ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bí iná bá lọ, ẹ pa swíìṣì ámúpù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nígbà tí iná bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó jókòó, torí ìgbà tó bá ń wọlé ló máa ń fò jù.

Àyẹ̀wò: ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ rán ọmọ kan sídìí ògiri aládùúgbò pẹ̀lú fóònù. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ ti odó, ẹ máa ta gìtá yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Túùbù àpamọ́

Ẹ pa 12AX7 kan àti túùbù ńlá kan mọ́, torí ẹ ò ní rí wọn rà ní Kàbà lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò wọn. Túùbù ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ámúpù wáàtì 5 tó ní EL84 kan, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín láì pe ẹ̀ńjíníà: ẹ fa wáyà iná yọ, ẹ dúró kó tutù, ẹ rọra mì í síwá sẹ́yìn kó jáde, ẹ wá ki tuntun bọ̀ ọ́ ní tààrà. Bí ámúpù bá ní túùbù ńlá méjì, méjì tí wọ́n ti wọ̀n bára mu lẹ máa rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fẹ́ kí ẹ̀ńjíníà yí i sí ìwọ̀n.

Ìkìlọ̀ kan péré: EL84 àti 12AX7 ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án kan náà, ihò ara wọn sì gbà wọ́n. EL84 ló ga jù. Ẹ ya fọ́tò ipò wọn kí ẹ tó yọ ẹyọ kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí rẹ̀.